Orúkọ Tí A Kọ Sí Abẹ́ Àwòrán

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Gbogbo ọmọ Yorùbá ni ó mọ òwe yìí, a sì ń tẹ̀ lé e bí a bá bí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń sọ lórúkọ láìwo ilé rárá, ohun náà sì ni àwòrán. Bí àwòrán àtijọ́ kan bá bọ́ sí wa lọ́wọ́, kíá ni a ó mú kálàmù, tí a ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé, "Ìbàdàn ni èyí," tàbí pé, "Bàbá wa àgbà nìyí nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ reluwé." Ẹni tí ó bá rí i lẹ́yìn wa yóò gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ti kọ ọ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí bá mi ronú lórí ọ̀rọ̀ náà: ẹ̀tọ́ wo ni a ní láti kọ orúkọ sí abẹ́ àwòrán, níbo sì ni ẹ̀tọ́ náà pin sí?

Àwòrán ọkọ̀ ojú irin àtijọ́, èyí tí ń fi iná èédú àti oru omi rìn, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Díẹ̀ ni iṣẹ́ tí ìjọba amúnisìn ṣe ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ tó èyí. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, wọ́n sì ṣí i ní oṣù March 1901. Ó dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó sì dé Jẹ́bà ní etí odò Ọya ní 1909. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìhà ìlà-oòrùn Ìbàdàn, ní Adégbayì, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ẹ̀rúnmu tàbí ní Lálúpọn, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà Òṣogbo yìí kò jìnnà sí oko àwọn bàbá yín. Ibi gbogbo tí iṣẹ́ bá dé ni wọ́n ti ń gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán kalẹ̀. Wọ́n ya afárá. Wọ́n ya òkè tí a là sí méjì kí irin lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Wọ́n ya ọkọ̀ tuntun bí ó ti ń tú èéfín. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀gá ní London rí ohun tí a fi owó ṣe. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa náà kò gbẹ́yìn nínú iṣẹ́ àwòrán: George da Costa, tí ó ṣí ilé ìyàwòrán sí Èkó ní 1895, wà lára àwọn tí iṣẹ́ wọn wọ inú ìwé ńlá kan tí a tẹ̀ ní London ní 1920 nípa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lónìí, púpọ̀ nínú àwòrán ìgbà náà wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Kew. Àwọn kan wà ní Jaekel House, ilé àtijọ́ ti reluwé ní Èbúté Mẹ́ta tí a ti sọ di ilé ohun ìṣẹ̀m̀báyé. Àwọn yòókù wà nínú àpótí ní yàrá àwọn ìyá wa àgbà, níbi tí ikán àti ọ̀rinrin ti ń jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀.

Yí ọ̀kan nínú irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ padà, kí o ka ohun tí a kọ sí i. Nígbà púpọ̀ ìwọ yóò rí i pé wọ́n dárúkọ ẹnjiníà òyìnbó tí ó dúró ní iwájú. Nígbà mìíràn wọ́n tilẹ̀ kọ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ogójì ọkùnrin tí wọ́n mú ṣọ́bìrì àti dígà lọ́wọ́, tí òógùn bo ara wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi kó gbogbo wọn pọ̀: lébìrà. Ibi tí wọ́n dúró sí pẹ̀lú, "nítòsí Ìbàdàn" ni. Ẹni tí ó kọ ọ́ kò purọ́. Lójú rẹ̀, Ìbàdàn ni gbogbo ilẹ̀ láti Omi-Àdió títí dé Lálúpọn. Ṣùgbọ́n ìwọ tí a bí ní abúlé mọ̀ pé abúlé kì í ṣe "nítòsí" ibì kankan lójú àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Ó ní orúkọ, ó ní baálẹ̀, ó ní odò tí wọ́n ń pọn. Nítorí náà iṣẹ́ rere ni kí ọmọ ilé-ìwé kan jókòó ti irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kí ó wá bí yóò ti ṣe dá orúkọ tí ó sọnù padà sí ipò rẹ̀. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìfẹ́ tí a ní sí ìlú wa lè mú kí a gbé orúkọ ìlú wa lé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí a ti ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ àfọ̀ṣẹ, ó sì dùn-ún ṣe.

Àwòrán reluwé gbé òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́. Ààyè tí ó wà láàrin irin méjèèjì ní ọ̀nà àtijọ́, láti Èkó títí dé Kánò, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe mílímítà 1,067. Nítorí náà bí ọkùnrin kan bá dúró sí àárín irin náà, o lè ṣírò bí ó ti ga tó. Bí òpó kan bá wà ní ẹ̀gbẹ́ irin gan-an, o lè wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá wà ní ọ̀ọ́kán ju irin náà lọ, òṣùwọ̀n yìí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé ohun tí ó jìnnà a máa kéré lójú. Ọ̀nà tuntun tí ó ti Èkó wá sí Mọ́níyà, èyí tí a ṣí ní June 2021, fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mílímítà 1,435 ni tirẹ̀. Bí o bá rí irú ìyẹn nínú àwòrán ọkọ̀ eléèéfín, kì í ṣe ọ̀nà àtijọ́ Ìbàdàn ni ò ń wò.

Lẹ́tà tí a kọ sí ara ọkọ̀ ń sọ̀rọ̀. Ọdún 1955 ni reluwé di àjọ tí a ń pè ní Nigerian Railway Corporation. Ọkọ̀ tí ó bá ru orúkọ yìí, ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé ṣáájú ọdún náà ni a yà á. Ilé ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí Gbọ̀ngàn Mápó bá yọ lórí òkè rẹ̀ lẹ́yìn èéfín, àwòrán náà kò lè dàgbà ju 1925 lọ, nítorí ìgbà náà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní 1929 ni ó sì parí. Bí Ilé Kòkó bá ga sókè lẹ́yìn ìdíkọ̀ reluwé ní Dùgbẹ̀, a ti súnmọ́ 1965 tàbí kí a ti kọjá rẹ̀. Bí o bá rí ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n gbé sórí ọkọ̀ omi láti sọdá odò Ọya ní Jẹ́bà, ìgbà tí afárá kò tíì parí ni ò ń wò, láàrin 1909 àti 1916. Àpò kòkó tí a tò jọ sórí pèpéle ìdíkọ̀ ń tọ́ka sí àkókò ìkórè ńlá, láti nǹkan bí October títí wọ January. Òjìji pàápàá kò dákẹ́. Ní ilẹ̀ Ìbàdàn, ní ọ̀sán gangan nínú oṣù December, òjìji ènìyàn a máa tẹ̀ sí ìhà àríwá. Ní oṣù June, a tẹ̀ sí gúúsù, nítorí pé oòrùn ti gba orí wa kọjá sí ìhà kejì. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí irin dojú kọ lè ti ara òjìji ọmọ kékeré kan mọ ìgbà òjò yàtọ̀ sí ìgbà ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n kíyè sára. Láti 1948 ni àwọn ẹ́ńjìnnì kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé tí a fi orúkọ odò pè. Bí o bá rí orúkọ odò lára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, tí o sì kọ ọ́ pé ní etí odò náà ni a ti ya àwòrán, ìwọ dà bí ẹni tí ó pàdé ọmọ kan tí ń jẹ́ Abíọ́nà, tí ó ní ojú títì ni ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà. Ẹlòmíràn rí i pé igi ni a tò sí ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe èédú. Ó ní ó dájú nígbà náà pé èédú Enugu kò tíì jáde, nítorí pé ní 1916 ni ọ̀nà irin so Enugu pọ̀ mọ́ Port Harcourt. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èédú a máa ti ìlú òyìnbó wá ṣáájú ìgbà náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí èédú bá wọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀ lè dá igi lẹ́yìn ìgbà náà. Tún rántí pé àwòrán tí a yà sórí gíláàsì ṣeé tẹ̀ ní òdìkejì, kí apá ọ̀tún di apá òsì. Kí o tó bá òkè kan jà pé kò sí níbi tí ó yẹ kí ó wà, kọ́kọ́ wò bóyá lẹ́tà ara ọkọ̀ náà ṣeé kà. Èyí tí mo sì kà sí pàtàkì jù ni pé ilé tí ó wà nínú àwòrán lè jẹ́rìí pé ọjọ́ báyìí ti kọjá, ṣùgbọ́n ilé tí kò sí níbẹ̀ kò jẹ́rìí ohunkóhun, àfi bí ó bá dá wa lójú pé ibi tí à bá ti rí i gan-an ni ẹ̀rọ ìyàwòrán dojú kọ. Ìwà àìbìkítà sí ìyàtọ̀ yìí ti ba ẹjọ́ púpọ̀ jẹ́ ní kóòtù, kì í ṣe nínú àwòrán nìkan.

Nísinsìnyí, kí a wọ inú ọ̀rọ̀ gan-an. Ní 1986, ọ̀jọ̀gbọ́n méjì, Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tẹ ìwé kan jáde lórí ìmọ̀ àti ìgbàgbọ́, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn oníṣègùn Yorùbá jíròrò fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n ṣàkíyèsí pé èdè wa ya ohun méjì sọ́tọ̀ gedegbe. Ohun tí ojú ara mi rí, tí ọkàn mi sì jẹ́rìí sí, òun ni mo lè sọ pé mo mọ̀. Ohun tí ẹlòmíràn sọ fún mi, tàbí tí mo kà nínú ìwé, mo gbọ́ ọ, mo sì gbà á. Mo gbà á gbọ́. Wo bí ọ̀rọ̀ náà ti tú ara rẹ̀ fúnra rẹ̀: gbà, gbọ́. Kì í ṣe pé ó jẹ́ irọ́. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé, ṣùgbọ́n kò tíì di ìmọ̀ títí a ó fi dán an wò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ní kúkúrú pé ìròyìn kò tó àfojúbà.

Nínú méjèèjì, èwo ni ti àwòrán? Ìdẹkùn rẹ̀ nìyí. Bí mo bá mú àwòrán lọ́wọ́, ojú mi ń rí ọkọ̀, ó ń rí èéfín, ó ń rí ọkùnrin tí ó fi aṣọ wé orí. Ó dà bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Nítorí náà nígbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, mo ń rò pé ojú kan náà ni mo fi rí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ni mo rí. Ìbàdàn ni mo gbọ́. Ọkùnrin ni mo rí. Orúkọ rẹ̀ ni mo gbọ́. A ti so ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ pọ̀ sórí bébà kan ṣoṣo, èyí tí a gbọ́ sì ti yá agbára èyí tí a rí lò. Ìdí nìyí tí irọ́ abẹ́ àwòrán fi máa ń pẹ́ láyé ju irọ́ ẹnu lásán lọ. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu fún ọ pé ọkọ̀ ojú irin ṣubú ní abúlé kan, ìwọ yóò bi mí pé ta ni ó sọ ọ́. Bí mo bá fi àwòrán hàn ọ́, o kì yóò béèrè mọ́.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó kọ orúkọ sí abẹ́ àwòrán, ẹlẹ́rìí ni. Ó ń sọ fún àwọn tí a kò tíì bí pé òun ti yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ẹlẹ́rìí tí ó bá kọjá ibi tí ojú rẹ̀ dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rere ni ó fi ṣe é, ti di nǹkan mìíràn.

Ọ̀nà kan wà tí a lè gbà sọ ohun tí a gbọ́ di ohun tí a rí, ẹsẹ̀ wa ni a ó sì fi rìn ín. Mú àwòrán náà, kí o lọ sí ibi tí wọ́n ní a ti yà á. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni yóò ti yí padà: igi ti kú tàbí ó ti di ńlá, òrùlé koríko ti di páànù, páànù ti dípẹtà, ilé tuntun ti bo ilé àtijọ́. Má ṣe gbára lé ìwọ̀nyí. Òkè kì í ṣí nípò. Ibi tí ọ̀nà irin ti yí kọ́rọ́ kì í sábà ṣí nípò. Òpó afárá a máa dúró títí lẹ́yìn tí ohun tí ó wà lórí rẹ̀ ti yí padà. Wá ohun méjì nínú àwòrán, ọ̀kan tí ó wà nítòsí àti ọ̀kan tí ó wà ní ọ̀ọ́kán, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ara wọn. Wàyí o, máa rìn títí wọn yóò fi bo ara wọn bẹ́ẹ̀ lójú ìwọ náà. Bí o bá ṣí sí ọ̀tún ní ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré, èyí tí ó wà nítòsí yóò yẹ̀ kúrò lórí èyí tí ó jìnnà. Bí o bá tún rí ohun méjì mìíràn tí wọ́n bo ara wọn bákan náà, ibi tí méjèèjì ti bá àwòrán mu lẹ́ẹ̀kan náà, níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ ayàwòrán wà. Ní ọjọ́ tí o bá dúró síbẹ̀, o kò ní láti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, o mọ̀. (Béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ reluwé kí o tó rìn lẹ́bàá irin, nítorí kò sí àwòrán tí ó tó ẹ̀mí rẹ.) Nígbà tí o bá sì ń kọ ibẹ̀ sílẹ̀, ya orúkọ ìgbà náà sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ òní. Ní 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ òde òní sílẹ̀, ní 1989 ni a sì dá Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá sílẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ méjèèjì sí abẹ́ àwòrán 1905 láìṣe àlàyé ti mú àwọn òkú gbé inú ilé tí a kò tíì kọ́.

Bóyá ìwọ ń wí nínú ọkàn rẹ pé kí ni gbogbo wàhálà yìí fún. Àwòrán lásán ni. Ta ni yóò kú bí a bá ṣì í kọ? Jẹ́ kí a wo ọ̀ràn kan tí kì í ṣe eré. Ní oṣù September 1957, ọkọ̀ ojú irin kan ṣe ìjàm̀bá nítòsí Lálúpọn, ẹ̀mí púpọ̀ sì ṣòfò. Ó wà lára àwọn ìjàm̀bá ọkọ̀ ojú irin tí ó burú jù nínú ìtàn ilẹ̀ wa. Ká ní àwòrán kan wá dé ọwọ́ rẹ: ẹ́ńjìnnì ti dojú dé, àwọn ọkọ̀ èrò tí ó so mọ́ ọn ti gun orí ara wọn, àwọn ènìyàn sì dúró yí i ká, wọ́n káwọ́ lérí. Ẹni tí ó fún ọ sọ pé Lálúpọn ni. Kò sí lẹ́tà tí ó ṣeé kà nínú rẹ̀, kò sí òkè, kò sí ilé. O fẹ́ fi í sínú ìwé ìrántí ilé-ìwé rẹ. Ṣé kí o kọ Lálúpọn sí abẹ́ rẹ̀?

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀. Ikú ni ikú ń jẹ́, àwòrán ìjàm̀bá kan sì tó láti rán wa létí ìjàm̀bá gbogbo. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí àwòrán náà bá jẹ́ ti ibòmíràn, àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ irin yẹn ní ìyá tiwọn, wọ́n sì ní ìlú tiwọn. Bí a bá kọ Lálúpọn lé wọn lórí, a ti gba ikú wọn lọ́wọ́ wọn, a fi ṣe ọ̀ṣọ́ ọ̀fọ̀ ẹlòmíràn. Àwọn òkú Lálúpọn pẹ̀lú kò jèrè kankan, nítorí pé níwájú òkú tí kì í ṣe tiwọn ni a ti ń sunkún wọn. Ó tún kù. Bí ọjọ́ kan bá dé tí a fi hàn gbangba pé ilẹ̀ mìíràn ni a ti ya àwòrán náà, àwọn tí kò fẹ́ kí a béèrè ohun tí ó pa àwọn ènìyàn náà yóò rí ẹnu fọhùn. Wọn yóò ní bóyá àsọdùn ni gbogbo rẹ̀. Òótọ́ ni pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ iye òtítọ́ mìíràn tí yóò ti bàjẹ́ kí ọjọ́ náà tó pé.

Nítorí náà, kọ ohun tí o rí: ọkọ̀ ojú irin tí ó dojú dé. Kọ ohun tí o gbọ́: ẹni báyìí ní Lálúpọn ni, ní 1957. Lẹ́yìn náà, dìde. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ sì wà lára ohun tí wọ́n ń pa mọ́ níbẹ̀. Ní 1957, *Daily Times* ń jáde ní Èkó, *Nigerian Tribune* sì ti ń jáde ní Ìbàdàn láti 1949. Fi àwòrán rẹ wé ti inú ìwé ìròyìn. Bí irin tí ó ká kò bá ká bákan náà, o ti mọ nǹkan kan; bí ó bá sì bá a mu, o ti mọ nǹkan tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀ràn kejì le ju èyí, nítorí pé ìfẹ́ ni ó wà nídìí rẹ̀. Ká ní o mú àwòrán àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tún ojú irin ṣe, àwòrán tí ó ti tó àádọ́rin ọdún, lọ sí abúlé kan. Ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún gbà á lọ́wọ́ rẹ, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì na ìka sí ọkùnrin kẹta láti apá òsì. "Bàbá mi nìyí," ni ó wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ìwọ wo ọkùnrin náà: ojú rẹ̀ nínú àwòrán kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ, òjìji fìlà sì bò ó dé imú.

Kí ni kí o ṣe? Bí o bá sọ pé, "Màmá, kò dájú pé àwọn ni," ìwọ ti hùwà òmùgọ̀, kì í ṣe nítorí pé o rí àgbà fín nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé o sọ ju ohun tí o mọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá ènìyàn gbé kì í fi imú àti ẹnu nìkan dá a mọ̀. Ó mọ bí ó ti ń tẹ ẹsẹ̀ kan síwájú bí ó bá dúró, ó mọ bí ó ti ń so ṣòkòtò, ó mọ èjìká tí ó fi ń gbé ẹrù. Ó ṣeé ṣe kí màmá náà rí ohun tí ojú rẹ kò kọ́ láti rí. Ṣùgbọ́n bí o bá mú kálàmù, tí o sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán náà bí ẹni pé ìwọ ni o mọ̀ ọ́n, ìwọ náà ti sọ ju ohun tí o mọ̀ lọ ní ìhà kejì.

Ohun tí èmi rò pé ó tọ́ nìyí. Kúnlẹ̀ tì í bí ìwọ bá jẹ́ obìnrin, dọ̀bálẹ̀ bí o bá jẹ́ ọkùnrin, kí o sì wí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ fi dá wọn mọ̀?" Kò sí ìyá tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ yóò bí nínú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni òun gan-an ń dúró dè é láti ọjọ́ pípẹ́. Yóò sọ ibi tí wọ́n ń gbé nígbà náà, orúkọ ọ̀gá tí ń pè wọ́n jáde láàárọ̀, oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ ń dì fún bàbá rẹ̀ lọ sí ojú irin. Kọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kọ ọ́ sí abẹ́ àwòrán pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ní bàbá òun ni, kí o fi ohun tí ó fi dá a mọ̀ kún un, àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ yìí tutù jù, ó dà bí ẹni pé o kò gba ìyá náà gbọ́. Ní tèmi, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí mo bá kọ orúkọ bàbá náà lásán, mo ti gbé ẹ̀rí màmá mì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ti di tèmi. Bí mo bá kọ ọ́ pé òun ni ó sọ ọ́, ó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, orúkọ ọmọ àti ti bàbá sì wà lórí bébà kan. Bí ìdílé mìíràn ní abúlé kejì bá sì ní bàbá àwọn ni ọkùnrin kẹta yẹn, mo lè kọ tiwọn náà sí i láìfa èyí tí ó ṣáájú ya.

Má sì ṣe rò pé ohun tí mo ń wí ni pé kí a máa sá fún orúkọ. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ìṣọ́ra ṣe aṣọ bo ọ̀lẹ. "A kò mọ̀" ni wọ́n ń kọ sí abẹ́ ohun gbogbo, wọn kò sì dìde kúrò lórí àga. Padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó kọ "lébìrà" sí abẹ́ ogójì ọkùnrin. Mo ti sọ pé kò purọ́, mo sì dúró lórí rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn náà wà níwájú rẹ̀. Ẹnu wọn kò dí. Olúkúlùkù wọn ní orúkọ tí a fún un ní ọjọ́ kẹjọ, ní oríkì tí ìyá rẹ̀ ń fi pè é. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ìbéèrè náà ì bá gbà á, kò sì béèrè. A kò lè bá a béèrè mọ́ ní tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn da èédú sínú iná ọkọ̀, tí wọ́n di àsíá mú ní ìdíkọ̀, tí wọ́n ta àkàrà àti ọsàn fún èrò láti ojú fèrèsé ọkọ̀, ṣì kù díẹ̀ nínú wọn, iye wọn sì ń dín kù lọ́dọọdún.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn ní ọjọ́ Sátidé, ẹ mú àwòrán lọ, kì í ṣe ìbéèrè nìkan, nítorí àwòrán a máa ṣí àgbà lẹ́nu. Ẹ má sọ orúkọ ibi tí ẹ̀yin rò pé ó jẹ́ fún wọn kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn ara yín ni ẹ ó gbọ́ padà. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé sí ẹ̀yìn àwòrán, kí ẹ fi ọwọ́ fẹ́lẹ́ kọ ọ́, nítorí pé báírò a máa yọ sí iwájú. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sí apá kan, ohun tí ẹ gbọ́ àti ẹni tí ó sọ ọ́ sí apá kejì. Nísàlẹ̀ pátápátá, kí olúkúlùkù yín kọ orúkọ tirẹ̀ àti ọjọ́ náà, kí ẹni tí yóò bá yín jiyàn ní ọgọ́ta ọdún òní lè mọ ẹni tí òun ń bá jiyàn.